Bí A Ṣe Ń Yan Fírémù Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè fún Ọ̀nà Líle

Fírémù ló máa ń pẹ́ jù lára kẹ̀kẹ́. Táyà á jẹ, ṣéènì á fà, bíréèkì á tán, ẹ óò sì pààrọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ yín dúró sí, ibi tí ọwọ́ yín nà dé, àti bí táyà iwájú ṣe jìnnà sí yín tó nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, inú fírémù ni gbogbo rẹ̀ wà, kò sì sí ohun tí ẹ lè rà lẹ́yìn náà tí yóò tún un ṣe tán. Ẹni tó bá fẹ́ to kẹ̀kẹ́ fún ọ̀nà líle, kí ó ka nọ́ńbà fírémù kí ó tó wo àwọ̀ rẹ̀, kí ó tó wo orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára, àní kí ó tó béèrè iye mìlímítà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń rìn, ìyẹn bí táyà ẹ̀yìn ṣe lè gòkè tó nígbà tí ó bá gun òkúta.

Ọ̀nà líle tí à ń wí ni èyí tó kún fún àpáta, gbòǹgbò igi, kọ́nà tó ká bìrí, àti ibi tí ilẹ̀ ti já wálẹ̀ lójijì. Ní Ìlú Ọba, àwọ̀ ni wọ́n fi ń sọ bí ọ̀nà ṣe le tó: ewé, búlúù, pupa, dúdú. Ẹni tó ń sáré lórí pupa, tó sì ń wọ dúdú, irú èyí tó wà ní Innerleithen ní Scotland tàbí ní BikePark Wales lẹ́bàá Merthyr Tydfil, òun la kọ èyí fún. Ẹni tó kàn ń gun ọ̀nà tẹ́jú nínú igbó lọ́jọ́ Sátidé kò nílò irú fírémù yìí. Yóò kàn máa ru ẹrù tí kò wúlò fún un ni.

Ẹ̀yìn tó ń rìn: mélòó ló tó?

Fún irú gígùn yìí, fírémù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń rìn láàárín 130 mm sí 150 mm, pẹ̀lú fọ́ọ̀kì 140 mm sí 160 mm níwájú, ló bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu. Tí ó bá ti kọjá 160 mm lẹ́yìn, fún ìdíje ìsọ̀kalẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Ó máa ń gbé yín la àpáta kọjá, ṣùgbọ́n lórí òkè kékeré àti ọ̀nà tó tẹ́jú díẹ̀, ẹ óò máa fi ẹsẹ̀ ta á ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì ní sáré tó bí ẹ ṣe rò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn: kí ènìyàn ra 170 mm fún òkè tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Iye tí ó ń rìn nìkan kò sọ bí fírémù ṣe lágbára tó. Ẹ wo ìwé tó bá fírémù wá tàbí àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú ìlànà ASTM F2043 ti Amẹ́ríkà, ìpele 3 wà fún fífò tí kò ju 61 cm lọ, ìpele 4 sì dé 122 cm. Ìpele 4 ni kí ẹ máa wá. Ẹ wo ìwọ̀n ara tí wọ́n fi àyè gbà pẹ̀lú, kí ẹ sì ro aṣọ, omi àti àpò ẹ̀yìn mọ́ ọn.

Tí owó kò bá pọ̀, fírémù tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò rìn rárá, tí fọ́ọ̀kì iwájú nìkan ń rìn, kì í ṣe ìtìjú. Ó rọrùn láti tọ́jú, ó sì ń kọ́ni ní bí a ṣe ń yan ojú ọ̀nà. Ẹ kàn rántí pé nígbà tí ẹ bá jókòó lé e, iwájú nìkan ló máa wọlẹ̀. Fọ́ọ̀kì 140 mm tó bá wọlẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin yóò mú kí páìpù iwájú nàró síi ní nǹkan bíi dígírì kan àbọ̀. Nítorí náà, ẹ mú èyí tí igun rẹ̀ jẹ́ 64 tàbí 65 lórí ìwé. Èyí tó bá jẹ́ 67 lórí ìwé á di nǹkan bíi 68 àbọ̀ lábẹ́ yín.

Àwọn nọ́ńbà tó ń pinnu ohun gbogbo

Ilé iṣẹ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa ń gbé àtẹ ìwọ̀n jáde fún fírémù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wo S, M, L. L ti ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ M ti òmíràn. Nọ́ńbà tí ẹ ó kọ́kọ́ wá ni reach: bí ó ṣe jìn tó ní ìbú, láti àárín gbùngbùn ibi tí kíráǹkì, apá tí pẹ́dà wà lára rẹ̀, ti ń yí dé àárín orí páìpù iwájú. Òun ló ń sọ àyè tí ẹ ní nígbà tí ẹ bá dìde dúró lórí pẹ́dà, ìdúró náà lẹ sì máa ń wà nígbàkigbà tí ọ̀nà bá le. Ẹni tó ga tó 165 sí 172 cm lè bẹ̀rẹ̀ láti 440 sí 460 mm. 173 sí 181 cm, 460 sí 480. 182 sí 190 cm, 480 sí 505. Tí ẹ bá wà láàárín ìwọ̀n méjì, kúkúrú máa ń yí kọ́nà wẹ́rẹ́, gígùn máa ń fara balẹ̀ nínú eré. Fún ọ̀nà tó ká jù, a máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn láti mú kúkúrú.

Stack ni gíga, láti ibi kíráǹkì dé orí páìpù iwájú. Reach àti stack ń ṣiṣẹ́ pọ̀: fírémù tí stack rẹ̀ kéré máa mú kí ẹ to òrùka sábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí ó lè ga, gbogbo òrùka 10 mm tí ẹ bá sì fi síbẹ̀ yóò fa ọwọ́ padà sí yín ní nǹkan bíi 4 mm. Fírémù méjì tí reach wọn jọ jẹ́ 475 kì í ṣe ọgbọọgba tí stack ọ̀kan bá jẹ́ 610 tí ti èkejì sì jẹ́ 640. Ẹ má fi top tube, páìpù òkè, wọn gígùn fírémù fún ìdúró. Ìgbà tí ẹ bá jókòó ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, igun ìjókòó sì lè yí i padà.

Igun páìpù iwájú: 64 sí 65.5 dígírì. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí i ni táyà iwájú ṣe ń jìnnà síwájú yín, tí kẹ̀kẹ́ sì ń dúró ṣinṣin nígbà tí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n tí ó bá lọ sí 63, ní ìgunkè tí kò yára, iwájú á máa yà sọ́tùn-ún sósì, ẹ ó sì máa bá a jà. Igun ìjókòó: 76 sí 78. Èyí ń gbé ìdí yín sún mọ́ òkè kíráǹkì kí iwájú má baà gbéra nígbà tí ẹ bá ń gun òkè. Ohun kan wà tí àtẹ kì í sọ dáadáa níbí. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ jẹ́ ti gíga ìjókòó kan tí ilé iṣẹ́ fúnra wọn yàn. Bí páìpù ìjókòó bá dà sẹ́yìn gan-an, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó gbé ìjókòó sókè á rí i pé ìdí òun ti lọ sẹ́yìn, 77 ti di 74. Ẹni gíga gbọ́dọ̀ béèrè igun gidi, actual, kì í ṣe effective nìkan.

Chainstay, láti ibi kíráǹkì dé àárín táyà ẹ̀yìn, máa ń wà láàárín 430 sí 445 mm. Kúkúrú máa ń jẹ́ kí iwájú gbéra kíákíá fún fífò. Ṣùgbọ́n tí reach bá jẹ́ 500 tí chainstay sì jẹ́ 430, ìwọ̀n ara á kó sẹ́yìn, táyà iwájú á sì yọ̀ lábẹ́ yín nínú kọ́nà tó tẹ́jú. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi chainstay gígùn sí ìwọ̀n ńlá nítorí èyí, ohun tó dára gan-an sì ni. Gíga ibi kíráǹkì sí ilẹ̀, ní nǹkan bíi 340 sí 350 mm. Tó bá kéré sí èyí, kọ́nà á dùn, ṣùgbọ́n pẹ́dà á máa gbá òkúta. Kíráǹkì 165 mm dípò 175 á dá 10 mm padà fún yín lábẹ́ pẹ́dà.

Páìpù ìjókòó ni ó ń pinnu iye tí dropper yín, òpó ìjókòó tó ń lọ sókè-sódò, lè rìn. Ẹ wọn láti àárín kíráǹkì dé orí ìjókòó níbi tí ẹ ti máa ń gùn ún. Ká ní ó jẹ́ 720 mm, tí páìpù fírémù sì jẹ́ 430: 290 ló kù. Ẹ yọ 45 fún ìjókòó fúnra rẹ̀, ẹ yọ 40 fún orí àti ọrùn òpó náà, ó ku 205. Dropper 200 mm á wọlé. Ẹ tún béèrè bí òpó ṣe lè wọ inú páìpù jìn tó, nítorí pé oríkèé tàbí ìtẹ̀ páìpù lè dá a dúró ní àárín ọ̀nà, ìjókòó yín á sì ga ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ títí láé.

Ẹ má rò pé fọ́ọ̀kì gígùn máa wo fírémù tí igun rẹ̀ kò dára sàn. Gbogbo 10 mm tí ẹ bá fi kún fọ́ọ̀kì máa tẹ igun iwájú sẹ́yìn ní nǹkan bíi ìdajì dígírì, ó máa gbé ibi kíráǹkì sókè ní mìlímítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó sì máa jẹ nǹkan bíi 5 mm nínú reach. Igun ìjókòó náà á dà sẹ́yìn. Tí ó bá kọjá iye tí ilé iṣẹ́ kọ, ìwọ̀n tó ń fa ibi ìsopọ̀ páìpù iwájú á pọ̀ jù, ibẹ̀ ló sì sábà máa ń ya. Bákan náà, ẹ má fi wíìlì íǹṣì 27.5 sí ẹ̀yìn fírémù tí wọ́n ṣe fún wíìlì 29 méjèèjì, àyàfi tí ó bá ní irin ìyípadà tó wà fún un: ibi kíráǹkì á já sílẹ̀ ní nǹkan bíi 12 mm, gbogbo igun á sì dà sẹ́yìn ní nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì kan.

Bí ẹ̀yìn ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ pín iye tí ẹ̀yìn ń rìn sí iye tí ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ń wọlé. 150 mm pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó ń wọlé 60 mm jẹ́ 2.5. Ibi tó dára nìyẹn. Bí ó bá sún mọ́ 3, ẹni tó sanra máa nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀kì, nígbà mìíràn ju iye tí wọ́n fi àyè gbà lọ, ṣọ́ọ̀kì á sì gbóná kíákíá lórí ìsọ̀kalẹ̀ gígùn.

Nọ́ńbà yìí kì í dúró lójú kan. Ó máa ń dínkù bí ẹ̀yìn ṣe ń wọlé, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí ó le sí i ní ìparí kí ó má baà gbá. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní 2.9 tó parí sí 2.2, ó ti dínkù ní ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ṣọ́ọ̀kì oní-sípíríǹgì irin, ẹ wá fírémù tó dínkù tó ìdá 20 ó kéré tán, torí sípíríǹgì kì í le sí i ní ìparí bí afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fi sípíríǹgì sí fírémù tí kò fi bẹ́ẹ̀ dínkù á máa gbọ́ “gbà!” ní gbogbo ìgbà tó bá balẹ̀, yóò sì máa ra sípíríǹgì tó le sí i títí kẹ̀kẹ́ yóò fi le bí igi.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà to oríkèé ẹ̀yìn. Horst link, tí wọ́n sọ ní orúkọ Horst Leitner, DW-link ti Dave Weagle, VPP, oríkèé kan ṣoṣo: gbogbo wọn lè dára, gbogbo wọn sì lè burú. Bí wọ́n ṣe to oríkèé ló ṣe pàtàkì. Oríkèé kan ṣoṣo ní bẹ́rìn díẹ̀, ó sì rọrùn láti tọ́jú nínú ẹrẹ̀ Ìlú Ọba. Tí wọ́n bá kọ anti-squat, ìyẹn bí ẹ̀yìn ṣe ń kọ̀ láti wọlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi ẹsẹ̀ ta pẹ́dà, nǹkan bíi 100 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí ẹ ti jókòó lé e dára fún ìgunkè. Ó pọ̀ jù tó bá lọ jìnnà kọjá 120, nítorí pé ṣéènì á máa fa pẹ́dà padà mọ́ ẹsẹ̀ yín lórí òkúta.

Ìwọ̀n ṣọ́ọ̀kì náà gbọ́dọ̀ bá fírémù mu pátápátá. Wọ́n ń kọ ọ́ ní gígùn × iye tó ń wọlé, ní mm: 210×55, 230×60, 230×65, àti àwọn trunnion (èyí tí bóòtù máa ń wọ ẹ̀gbẹ́ orí ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀) bíi 185×55 àti 205×65 ni wọ́n wọ́pọ̀ lónìí. Àwọn fírémù tó ti pẹ́ ń lo 200×57 tàbí 216×63. Tí ẹ bá fi èyí tó ń wọlé ju ti fírémù lọ, táyà lè gbá páìpù ìjókòó. Ẹ dán an wò: ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, ẹ tẹ ẹ̀yìn wọlé tán pẹ̀lú táyà tó kún, kí ẹ sì wo gbogbo àyè.

Alumíníọ̀mù, kábọ́ọ̀nù, irin

Fírémù alumíníọ̀mù pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì sábà máa ń wà láàárín 3.5 sí 4.2 kg, ti kábọ́ọ̀nù 2.8 sí 3.4. Ìyàtọ̀ kò tó kílò kan. Tí owó bá níwọ̀n, a fara mọ́ alumíníọ̀mù pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó dára ju kábọ́ọ̀nù pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí kò níláárí lọ. Owó tó kù, ẹ fi ra bíréèkì àti táyà.

Ọ̀kan gbọ́dọ̀ yé gbogbo ènìyàn: alumíníọ̀mù 6061 tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ fírémù, lẹ́yìn tí wọ́n bá jó o pọ̀, wọ́n máa ń tún un fi iná ìtọ́jú mú le nínú ààrò. Tí ó bá ya, tí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ jórinjórin ẹ̀gbẹ́ títì, ibi tó jó yóò rọ̀, yóò sì tún ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, bóyá nígbà tí ẹ bá wà lójú afẹ́fẹ́. Irin 4130 ni jórinjórin tó mọṣẹ́ lè tún ṣe. Kábọ́ọ̀nù náà ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í ṣe iṣẹ́.

Kí ohun tí ẹ ní lè wọ̀ ọ́

Ààyè ẹ̀yìn, ibi tí wíìlì ẹ̀yìn ń wọ̀, 148×12 mm ni ẹ fẹ́. 142 ti ń di àtijọ́, 157 ṣòro díẹ̀ láti rí wíìlì rẹ̀. Kí ibi ìfi jíà kọ́ jẹ́ UDH, irú kan náà tó wà fún fírémù ilé iṣẹ́ púpọ̀, tí ilé iṣẹ́ SRAM gbé jáde ní 2019. Láìsí i, jíà Transmission wọn ti 2023 kò lè wọ̀ ọ́, UDH fúnra rẹ̀ sì rọrùn láti rà níbikíbi tó bá tẹ̀. Ibi kíráǹkì 73 mm tí wọ́n ń yí wọlé ni kí ẹ mú ju èyí tí wọ́n ń tẹ̀ wọlé lọ, tí yíyàn bá wà: bí èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kò bá gún régé, á máa dún kírí-kírí. Òpó ìjókòó: 30.9, 31.6 tàbí 34.9 mm, ẹ wò ó kí ẹ tó ra dropper. Ihò páìpù iwájú: ìwọ̀n ZS44 lókè, ZS56 nísàlẹ̀, fún fọ́ọ̀kì tí ọ̀pá rẹ̀ tóbi nísàlẹ̀. Ẹ wá ihò bóòtù ISCG05 lẹ́bàá ibi kíráǹkì, tí ẹ óò fi irin ìdáàbòbò ṣéènì sí. Àyè táyà: íǹṣì 2.5 pẹ̀lú ó kéré tán 6 mm lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹrẹ̀ tó bá há síbẹ̀ máa ń fi yanrìn họ kábọ́ọ̀nù títí yóò fi jẹ ẹ́.

Tòkúnbọ̀: ibi tí a ti ń wo fírémù kínníkínní

Fírémù tí ẹlòmíràn ti gùn lè jẹ́ àǹfààní ńlá, yálà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí láti inú kọntéénà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, àkísà, owó ẹyọ kan, okùn tẹ́ẹ́rẹ́, rúlà àti sípánà Allen dání.

Ẹ nu ún mọ́ kí ẹ tó wò ó. Fírémù tí ẹni tó ń tà á kò fẹ́ kí ẹ nù, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ibi tí páìpù iwájú ti pàdé páìpù ìsàlẹ̀, ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ fírémù, ẹ̀gbẹ́ gbogbo oríkèé, àti àárín chainstay lẹ́yìn kíráǹkì. Yíya lára alumíníọ̀mù máa ń tẹ̀ lé etí ojú ibi tí wọ́n jó, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ẹ fi èékánná fà á kọjá, tó bá há, ẹ jìnnà sí i. Lára kábọ́ọ̀nù, ẹ fi owó ẹyọ kan án díẹ̀díẹ̀ yí páìpù ká. Ibi tó bá ń dún bòkè-bòkè láàárín ibi tó ń dún kan-kan ti bàjẹ́ nínú, àní tí kùn rẹ̀ bá mọ́.

Ẹ di táyà ẹ̀yìn mú, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì, ẹ fi ọwọ́ kejì kan oríkèé kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá gbọ́ tàbí mọ̀ pé ó ń ṣí, bóòtù ti tú tàbí bẹ́rìn ti tán. Ẹ gbé ìjókòó sókè díẹ̀, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀: “kọ́” díẹ̀ ni orí ṣọ́ọ̀kì tó ti jẹ. Tí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ tú bóòtù ṣọ́ọ̀kì kan, ẹ fi ọwọ́ gbé ẹ̀yìn lọ sókè-sódò. Ó gbọ́dọ̀ máa lọ wẹ́rẹ́. Tó bá ń há kọ́kọ́kọ́, ẹ yọ owó bẹ́rìn kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Nọ́ńbà wọn, bíi 6902 tàbí 6802, wà lára bẹ́rìn. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ MAX sí, ọta inú rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì ń gba ẹrù tí kì í yí tán yíká.

Fún fírémù tí apá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe déédéé lápá méjèèjì, ẹ na okùn láti páìpù iwájú lọ sí ìdí ẹ̀yìn, ibi tí wíìlì ẹ̀yìn ń wọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ yí i padà wá ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ wọn láti okùn dé páìpù ìjókòó lápá méjèèjì. Tí ìyàtọ̀ bá ju 2 mm lọ, ó ti tẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ibi kíráǹkì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí BikeRegister, ìkànnì tí a ti ń wò ó bóyá wọ́n jí kẹ̀kẹ́, tó bá jẹ́ Ìlú Ọba, ẹ béèrè rìsíìtì. Ẹ̀rí àtúnṣe ọ̀fẹ́ láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó kọ́kọ́ rà á nìkan. Ẹ béèrè irin ìdí ẹ̀yìn, ibi ìfi jíà kọ́, àti òrùka ìdè òpó ìjókòó, torí àwọn ni wọ́n máa ń gbàgbé fún yín.

Tí ẹ bá ti gbé e délé, ẹ fi gíríìsì sí gbogbo ibi tí irin ti ń wọ irin, ẹ fi Loctite búlúù, oje tí kì í jẹ́ kí bóòtù tú, sí bóòtù oríkèé, ẹ sì fi sípánà ìwọ̀n dè é sí iye Nm tí ilé iṣẹ́ kọ, kò yẹ kí ẹ fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ wọ gbogbo aṣọ àti ẹrù tí ẹ fi ń gùn ún, ẹ dìde dúró lórí pẹ́dà, kí ṣọ́ọ̀kì wọlé ní ìdá 28 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún: fún 60 mm, 17 sí 18 mm. Lẹ́yìn gígùn méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ tún fi sípánà ìwọ̀n kàn án wò. Bóòtù tuntun máa ń rọ̀ díẹ̀ bí bẹ́rìn bá ṣe ń jókòó sí ààyè rẹ̀, oríkèé tó ń mì sì máa jẹ ihò rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.